Ọkọ̀ tó jóná lẹ́yìn àtúnṣe ní Àkúrẹ́: bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó jẹ̀bi

Ẹ kú ewu iná o, ẹ̀gbọ́n. Ọpẹ́ ni pé àbúrò yín tètè bọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé wa nìyí: Corolla yín wà ní Àkúrẹ́, mẹkáníìkì pààrọ̀ póǹpù epo rẹ̀, rẹwáyà (oníná ọkọ̀) sì tún fáànù rédíétọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Lọ́jọ́ kẹta ó gbiná lójú ọ̀nà Oǹdó, kó tó dé Bọ́lọ́rundúró. Mẹkáníìkì ní iṣẹ́ òun dáa. Ẹ̀yin wà ní Kánádà, ẹ ń béèrè bóyá kí àbúrò yín kó ọlọ́pàá lọ bá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí pé àdéhùn bàjẹ́ tàbí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Yàtọ̀ síyẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ tó so họ́ọ̀sì epo mọ́ póǹpù gan-an máa kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ẹ̀ sì ni ẹ nílò jù. Ẹni tó bá fẹ̀sùn kanni ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí ẹ lè tètè tọ́jú fúnra yín sì wà níbi méjì: òkú ọkọ̀ yẹn àti fóònù yín. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Bí ọkọ̀ bá ṣì wà létí ọ̀nà tàbí nínú ọgbà mẹkáníìkì, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀, tó ní pẹpẹ lẹ́yìn, ni kí wọ́n fi gbé e, kí wọ́n má fi okùn wọ́ ọ, torí wáyà tó ti jó máa ń já, á sì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbé e, kí ẹnì kan ya fídíò kan ṣoṣo tí kò já: kó yí ọkọ̀ ká, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣáṣí hàn, àti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, abẹ́ ọkọ̀, àti ilẹ̀ tó jó lábẹ́ rẹ̀. Kó fi ránṣẹ́ sí yín bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fídíò WhatsApp lásán, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán mọ́lẹ̀. Fóònù tó fi yà á, kó má tà á, kó má pa nǹkan kan rẹ́ lórí ẹ̀. Ìsọ̀rí 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ìwé tó máa jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí àgbàlá tó ní géètì, ẹ fi tàpólì bò ó, torí òjò Àkúrẹ́ máa fọ eérú dànù, irin á sì dípẹtà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má jẹ́ kí onírin àlòkù sún mọ́ ọn. Wáyà bátìrì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé torí bàbà inú ẹ̀, òun gan-an sì ni ẹ̀rí tí ẹ nílò. Ẹ má sì gbà kí mẹkáníìkì wá “bá yín yẹ̀ ẹ́ wò” lóun nìkan.

Oríire yín ni pé iṣẹ́ méjì tí wọ́n ṣe jìnnà síra. Póǹpù epo Corolla wà nínú táńkì, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí i. Fáànù rédíétọ̀ wà níwájú pátápátá. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ ti jó jù, tí ó sì jó wálẹ̀ jù, máa sọ ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo gíláàsì iwájú bí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀. Tí iná bá ti inú ẹ́ńjìnnì wá, ìsàlẹ̀ gíláàsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Tí ó bá ti inú ọkọ̀ wá, òkè ni, torí ooru máa ń gun àjà. Ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà: ibi tí ọ̀dà ti jó funfun tí irin sì ti ń dípẹtà kíákíá ni ooru ti pọ̀ jù lábẹ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà lè yí àpẹẹrẹ yìí padà o, ẹ má fi àmì kan ṣoṣo dá ẹjọ́.

Bó bá jẹ́ iwájú ló ti wá, wáyà fáànù ni kí ẹ tẹ̀lé, láti orí bátìrì dé fáànù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé rẹwáyà á fa wáyà tààrà láti bátìrì lọ sí fáànù, láìsí fíúsì, láìsí rilé (súwíìṣì tó ń tan fáànù). Wáyà náà á tín-ín-rín, téèpù ni wọ́n á fi wé e, á máa ha irin lára títí rọ́bà ẹ̀ á fi bó. Tí kò bá sí fíúsì, kò sóhun tó máa já nígbà tí wáyà bá kan irin ọkọ̀, ó kàn máa gbóná títí á fi gbiná ni. Ẹlòmíràn máa rí fíúsì 10 amp tó ń já, á fi 30 sípò ẹ̀, tàbí kó so wáyà mọ́ ojú ẹ̀. Ẹ ṣí àpótí fíúsì, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára èyí tó bá ṣẹ́ kù. Tí ẹ bá rí ibi tí bàbà ti yọ́ di kókó roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyókù wáyà náà sì wà bó ṣe wà, iná mànàmáná ló yọ́ ọ. Bàbà kì í yọ́ kí ooru tó dé ìwọ̀n 1,085 lórí Celsius. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ yẹn nìkan kò sọ pé ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé iná mànàmáná wà nínú wáyà náà nígbà tó jó. Ìdí nìyẹn tí ibi tó wà fi ṣe pàtàkì ju ìlẹ̀kẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti wá, ẹ wá ẹnu táńkì: ṣé rọ́bà tó dí i wà níbẹ̀, ṣé họ́ọ̀sì epo wọlé dáadáa kó tó ti ara ẹ̀ pa, ṣé kílíìpù wà? Rọ́bà àtijọ́ tí wọ́n dá padà máa ń jò tí táńkì bá kún. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, iná kékeré ló sì ń dúró dè.

Iná inú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ti wáyà nìkan. Àkísà tí wọ́n gbàgbé sórí sàlẹ́ńsà tàbí ọ́ìlì tó dà sí i tún lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni orí bátìrì tí kò le. Kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa rántí.

Kí ọ̀pọ̀ ẹnu tó da ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ ní kí àbúrò yín kọ ohun tó rí sílẹ̀ lálẹ́ òní. Níbo ló ti kọ́kọ́ rí èéfín? Ṣé òórùn epo ló gbọ́ àbí òórùn rọ́bà? Ṣé fáànù ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tó bá pa ọkọ̀? Ṣé ó gbé jálá epo sínú búùtù? Kó sọ òótọ́. Tó bá ti ń gbọ́ òórùn epo láti ọjọ́ méjì tó sì ń wà á lọ, kóòtù lè pín ẹ̀bi.

Ẹni tó ra páàtì tún ṣe kókó. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi póǹpù tòkunbọ̀ tí owó ẹ̀ kéré sí i, tí mẹkáníìkì sì ti kìlọ̀, ẹjọ́ yín ò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Tó bá jẹ́ òun ló yàn án, òun ló máa dáhùn. Tó bá sì jẹ́ òun ló pe rẹwáyà, tó gba owó méjèèjì pọ̀, òun náà ló máa kọ́kọ́ dáhùn fún yín. Ẹ kó gbogbo alẹ́ẹ̀tì báńkì, ọ̀rọ̀ ẹnu lórí WhatsApp, àti rìsíìtì onípáàtì jọ. Ká ní inú ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ̀ náà ti jóná ni, ìyẹn ì bá rọrùn fún yín, torí ẹni tí a fi ọkọ̀ síkàáwọ́ ló máa ṣàlàyé bó ṣe jóná lọ́wọ́ òun.

Ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ wò kò gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn wá, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan yín. Ẹ wá ẹnjiníà tó ní ìwé COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà), kó kọ ìròyìn, kó fọwọ́ sí i. Ẹ fi lẹ́tà pe mẹkáníìkì àti rẹwáyà wá wò ó lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn pamọ́. Tí wọ́n ò bá wá, wọn ò ní lè sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀yin lẹ fi wáyà síbẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ sì gba police extract, ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Wọ́n lè ní kí VIO, àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba, yẹ ọkọ̀ wò. Tí panápaná tàbí FRSC bá dé ibẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà béèrè ìròyìn wọn. Ẹ yẹ ìnṣọ́ránsì wò kíákíá: third party kò san nǹkan kan lórí ọkọ̀ tiyín tó jóná. Tó bá jẹ́ comprehensive, èyí tó kan ọkọ̀ tiyín náà, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tàbí fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti lépa ẹni tó jẹ̀bi lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó yín, tí ẹ bá sì ti dárí jì í, wọ́n lè kọ̀ yín.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, ní kí ẹni tó ṣiṣẹ́ fún oníbàárà dá nǹkan rẹ̀ padà bó ṣe gbà á, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà fi ìyẹn sínú lẹ́tà rẹ̀. Iye tí ẹ máa béèrè ni owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà lónìí, ẹ yọ owó irin kúrò, ẹ fi owó ọkọ̀ tó gbé e àti ti ẹnjiníà kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára ẹni tí ẹ ń bá ṣe. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa kò ní ìnṣọ́ránsì kankan, ìdájọ́ tó dáa lórí ẹni tí kò ní nǹkan kò lè ra kẹ̀kẹ́. A rò pé alága NATA (ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì) ti àdúgbò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìròyìn ẹnjiníà lọ bá. Tí wọ́n bá gbà láti san díẹ̀díẹ̀, kí lọ́yà kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀, kí lọ́yà gbé e lọ sí kóòtù Májísíréètì tó wà ní Òkè-Ẹ̀dá, tí iye náà bá wà lábẹ́ agbára wọn.

Àbúrò yín kò lè dá gbogbo èyí ṣe lórúkọ yín láìsí ìwé àṣẹ (power of attorney). Ẹ ṣe é níwájú notary (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) ní Kánádà, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ṣáṣí sínú ẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ pé ó lè gba ìròyìn, ó lè fọwọ́ sí àdéhùn, ó lè pẹjọ́. Tí ìwé ọkọ̀ bá ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á fún yín, ẹ wá rìsíìtì tó fi tà á báyìí, torí ìyẹn ni lọ́yà ẹnìkejì máa kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí ẹ bá ti ní fọ́tò orí bátìrì àti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ fi síbí, a máa bá yín wò ó.