Lẹ́tà Dókítà Tí Òjò Kò Lè Pa

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ẹ̀yin Olóòtú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi kò gbóògùn mọ́, dókítà wa ní Kàbbà kọ lẹ́tà rìfáà fún wa sí Ìlọrin. Òjò pa ìwé náà lójú ọ̀nà, tàdáwà rẹ̀ sì ṣàn débi pé orúkọ ìyá mi nìkan ni dókítà tó gbà á rí kà. Gbogbo àyẹ̀wò tí a ti ṣe ni a tún fowó ṣe. Àbúrò mi, dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ti ń ṣe tiwọn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ẹ bá wa kí ìyá. Òótọ́ ni. Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Choose and Book níbẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà tí dókítà fi ń rán aláìsàn sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, e-Referral Service sì rọ́pò rẹ̀ ní 2015. Síbẹ̀, àwọn dókítà kan kò yé kọ lẹ́tà, títí tí ìjọba fi pinnu pé láti oṣù kẹwàá 2018, wọn kò ní sanwó fún ilé ìwòsàn mọ́ lórí aláìsàn tuntun tí dókítà àdúgbò bá fi ìwé lásán rán wá sọ́dọ̀ dókítà àgbà. Owó parí ohun tí ìwàásù kò parí.

Ohun tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé dókítà àgbà lè ka ọ̀rọ̀ aláìsàn àti èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kí ó tó rí i, kí ó sì dá èsì padà pé kí wọ́n pààrọ̀ oògùn báyìí-báyìí, kí aláìsàn jókòó sílé. Ẹni tó bá ti gbé àgbàlagbà gba ọ̀nà Kàbbà dé Ìlọrin yóò mọ iye tí ìyẹn tó.

Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá wà ní Kàbbà, tí kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí i ní Ìlọrin, asán ni. Ìdí nìyí tí àwòrán lẹ́tà lórí WhatsApp kò fi lè rọ́pò ètò gidi. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí àṣírí tó lágbára.

Ní báyìí, ẹ bẹ dókítà yín kí ó fóònù síwájú, kí ẹ ya àwòrán lẹ́tà àti èsì àyẹ̀wò sórí fóònù tiyín, kí ẹ sì fi ìwé gan-an sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ gba lẹ́tà èsì fún dókítà Kàbbà, torí òun ni yóò máa wo ìyá lọ.