Ṣé áàpù lè mú kí ojú fóònù rí bí aṣọ lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Mo rí áàpù kan tí wọ́n ní tí mo bá gbé e sórí fóònù mi, tí mo fọwọ́ pa àwòrán aṣọ, màá mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rọ̀ kí n tó ra aṣọ náà. Ṣé kí n sanwó rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yìí ti fẹ́ sú mi. N kò pe ẹnikẹ́ni ní gbájúẹ̀ o, ṣùgbọ́n áàpù kò lè fún fóònù ní ohun tí kò sí lára rẹ̀. Mọ́tò kékeré tó ń mú un gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Tó bá gbọ̀n, gbogbo fóònù ló ń gbọ̀n, títí dé àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ fi dì í mú. Gíláàsì ojú rẹ̀ ṣì ń yọ̀ bọ̀rọ́ bó ṣe wà.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ dijú, ẹ gbé ìka lé aṣọ, ẹ má mì í. Ẹ ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, àmọ́ bí òwú rẹ̀ ṣe kúnná tó kò ní yé yín. Ó yá, ẹ wọ́ ìka lórí rẹ̀. Ẹ rí i? Aṣọ ń di ìka mú, ó ń tú u sílẹ̀, awọ yín sì ń gbọ̀n wìrìwìrì. Ní 1990, aṣèwádìí kan, Margaret Minsky, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀pá ìdarí kan, bíi ti géèmù, tó kàn ń fa ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó dì í mú sọ pé ó dà bíi pé àwọn ń fọwọ́ pa ohun tó rí gbágungbàgun, bẹ́ẹ̀ kò sí gegele kankan níbẹ̀.

Gíláàsì tó ń di ìka mú, tó ń tú u sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wà lóòótọ́. Àwọn aṣèwádìí ilé-iṣẹ́ Disney fi ọ̀kan hàn ní 2010, wọ́n pè é ní TeslaTouch. Iná mànàmáná tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀ ló ń fa ìka mọ́ra, tó tún ń fi í sílẹ̀. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é mọ́, kì í ṣe ohun tí à ń wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìka bá sì dúró, ó tán nìyẹn. Kò lè sọ bí aṣọ ṣe rọ̀ tó tàbí bó ṣe wúwo tó, ohun tí ẹ̀yin gan-an ń wá. (Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà.)

Ẹ ní kí ẹni tó ń ta aṣọ náà gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bí kò bá gbà, kó ya fídíò ibi tó ti ń rún un mọ́wọ́, kí ẹ wo bó ṣe ń tú padà.