Èsì: Ìkòkò inú ìkòkò fún àwọn ìyá onítòmátì Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ìkòkò oníméjì tí Mohammed Bah Abba ṣe ní Jigawa máa bá àwọn ìyá onítòmátì Ẹ̀pẹ́ tọ́jú ọjà, kí ẹ tó ra ọgọ́rùn-ún kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà dára. Lọ́dún 2000, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ilé-iṣẹ́ aago Rolex. Ìkòkò kékeré wà nínú ńlá, iyanrìn tútù wà láàárín, aṣọ tútù bò ó lórí. Bí omi iyanrìn ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ló ń kó ooru lọ. Ikàn tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lè lo ọjọ́ 27. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Jigawa gbẹ táútáú. Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà ńkọ́? Aṣọ tí èèyàn sá lóṣù kẹfà gan-an kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Níbo ni omi ìkòkò fẹ́ gbà lọ?

Ẹ rántí pé ilé amọ̀kòkò ni Abba ti wá. Ìkòkò tó bá fọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó máa mọ òmíràn wà nítòsí. Ẹ̀pẹ́ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá kọ́kọ́ jókòó ní ìsọ̀ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè jẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro: tòmátì tó ti Òkè Ọya wá máa ń tẹ ara wọn fọ́ lójú ọ̀nà. Kéréètì oníke lè dín ìyẹn kù, àmọ́ ta ló máa dá òfìfo padà, ta ló máa sanwó ọkọ̀? Àwọn ìyá yẹn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ìkòkò méjì péré dání lọ, kí wọ́n dán an wò lójú yín.