Èèpo ẹ̀gẹ́ jíjẹrà àti ikọ́ tí kò lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ béèrè bóyá ikọ́ tó ti ń ṣe wọ́n láti oṣù méjì lè wá láti ara ajílẹ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tú lẹ́yìnkùlé, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti lo oògùn ikọ́ ife parí tipẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má fi falẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú níbí, kò síbi tí wọ́n ti ń yan gààrí tí òkìtì èèpo kì í sí. Bó bá ń jẹrà, inú rẹ̀ á gbóná janjan. Inú ooru yẹn ni èbu kan tí àwọn dókítà ń pè ní Aspergillus ti ń gbilẹ̀. Eruku tó ń sọ bí ẹ bá ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, hóró èbu náà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ò lè rí i, imú ò sì lè dá a dúró, ó di ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ara tó le á pa á. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife a máa fi ihò sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ni èbu á sì wọ̀ sí, á dì bíi bọ́ọ̀lù. Ewu ẹ̀ tún wà fún ẹni tó ní asímà, ẹni tó ti ń lo prednisolone (oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù) pẹ́, àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Ibi tó ti ń dojú rú nìyí: àmì àìsàn èbu yìí, bíi rírù, àárẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀, kò yàtọ̀ sí ti ikọ́ ife, wọ́n á sì tún kó oògùn ikọ́ ife fún èèyàn. Tí GeneXpert, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ife, ò bá rí nǹkan kan, ẹ bẹ dókítà kó ṣe CT àyà (àwòrán inú àyà) àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Aspergillus IgG, tó ń fi hàn bóyá ara ti ń bá èbu náà jà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yẹn fún un, torí ó lè má béèrè. Oògùn èbu tí wọ́n ń pè ní itraconazole tàbí voriconazole ni wọ́n sábà ń lò, ó kéré tán oṣù 6. Fluconazole, oògùn èbu mìíràn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, kò ràn án rárá. Rifampicin, ọ̀kan nínú oògùn ikọ́ ife, sì máa ń sọ itraconazole di aláìlágbára, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo méjèèjì pọ̀. Bí Màmá bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì jáde, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Ṣàgámù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.

Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkìtì yẹn mọ́. Ẹni tó bá máa tú u, kó kọ́kọ́ wọ́n omi sí i títí yóò fi rin, kó kẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó sì lo ìbòmú N95, kó tẹ irin orí imú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìbòmú aláṣọ ò dí hóró yẹn. Ẹ gbé òkìtì náà kúrò lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn, ṣùgbọ́n kí Màmá má sí nílé lọ́jọ́ tí ẹ bá máa gbé e.