Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹ Má Tíì Ṣáná sí Ìjàpá Bàbá Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀, ti ọdún 1969, ẹ́ńjìnnì 1500 ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ló ti wà lábẹ́ tapólì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wù mí kí n tún gbọ́ ohùn rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra bátìrì tuntun, kí n yí kọ́kọ́rọ́, pé yóò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí a fi ti ọkọ̀ ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfẹ́kù bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló dùn mí jù. Ohùn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yẹn, inú ẹ́ńjìnnì náà ló wà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì kọjú sí ọ̀tún, méjì kọjú sí òsì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ gbalaja. Kò ní rédíétọ̀, kì í mu omi. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ ẹ lára. Nínú ẹ́ńjìnnì olómi, omi tó yí sílíńdà ká máa ń gbé ariwo mì. Ti Ìjàpá kò ní ohun tó bò ó, ìdí nìyẹn tí ìró fáàfù (ìdérí kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa dé lórí sílíńdà), híhó fáànù àti súfèé ọ̀pá èéfín méjèèjì fi ń dé etí wa láìkù kan. Láti kékeré ni mo ti ń dá a mọ̀ kí ọkọ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀, títí dòní ni mo sì ń dúró láti wò ó kọjá. Ìjàpá 21,529,464 ni wọ́n ṣe kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì òun náà lára. Bí ẹ bá yọ tiyín, ara ọkọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku mẹkáníìkì yẹn. Ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára sílíńdà rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, epo inú tánkì ti bàjẹ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò: bí ó bá ń rùn bí ọ̀dà, ẹ fà á dànù tán. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà 21 kọ́ nọ́ọ̀tì púlì jẹnẹrétọ̀, kí ẹ fọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Mo fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Yóò kọ́kọ́ wúwo, yóò wá rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ óò sì gbọ́ bí písítìnì ṣe ń mí jáde láti ihò plọ́ọ̀gì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bí ó bá há, ẹ má fipá mú un. Ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, ẹ ní sùúrù.

Lítà méjì ààbọ̀ ni ọ́ìlì rẹ̀. Kò ní fílítà. Àwọ̀n wáyà kékeré ló wà nísàlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí irin wínníwínní tó ń dán nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe ẹni tó mọ Ìjàpá dáadáa.

Ohun tí mo ń fi Ọlọ́run bẹ̀ yín lé lórí ni họ́ọ̀sì epo. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, àní èyí tó bá ṣì ń dán. Ẹ̀gbẹ́ dísítíríbútọ̀, níbi tí iná ti ń ta pàrà, ni pọ́ọ̀ǹpù epo wà. Mágínísíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi ṣe àpótí ẹ́ńjìnnì yẹn. Bó bá gbaná, omi kì í pa á, ńṣe ló ń mú un le sí i.

Àyè fáàfù, ìyẹn àlàfo tó wà láàrin fáàfù àti irin tó ń tì í: 0.15 mm, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Sílíńdà kẹta ni kí ẹ fojú sí jù. Kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára, dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ooru rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù lọ. Lórí àwọn ọkọ̀ 1971 ni Volkswagen tó gbé kúlà náà kúrò lọ́nà. Tiyín ti jáde ṣáájú.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ra bátìrì. Bí ẹ bá sì gbé e dé títì, ẹ máa wo iná pupa jẹnẹrétọ̀. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù; bó bá já, fáànù kò ní tu ẹ́ńjìnnì lára mọ́. Bí iná yẹn bá tàn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Morris Minor 1000 ni mo ní. Ṣé lóòótọ́ ni pé epo tí kò ní òjé ń ba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni fún tiyín, kì í ṣe fún gbogbo wọn. Òjé inú epo àtijọ́ máa ń bo ìjókòó fáàfù, ibi tí fáàfù ń jókòó lé bó bá pa dé, kí fáàfù èéfín má baà máa gbẹ́ ẹ. Inú irin orí ẹ́ńjìnnì Morris gan-an ni wọ́n gé ìjókòó yẹn sí, irin náà kò sì le tó. Bí ẹ bá ń sáré lọ́nà jíjìn, fáàfù á máa rì wọlé, àyè rẹ̀ á máa dín kù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Bí kò bá yéé dín kù, kí wọ́n fi ìjókòó irin líle sí i nígbà tí ẹ bá tú orí ẹ́ńjìnnì. Òjé fúnra rẹ̀ kò ṣeé dárò, májèlé ni. Àlùjíríà ló ṣíwọ́ títa epo olójé fún ọkọ̀ kẹ́yìn, ní 2021.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́ńjìnnì Peugeot 404 mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ṣé ó ti yẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti 1960. Dígírì 45 ni wọ́n tẹ ẹ́ńjìnnì 1618 cc yẹn sí, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè rẹlẹ̀. Bí rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé bá ti jẹ, ẹ óò rí i tí yóò máa gbọ̀n rìrì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.