Ṣé mo tó 4 nínú padel?

Ẹ̀gbọ́n, tẹníìsì ni mò ń gbá tẹ́lẹ̀, kí n tó bọ́ sídìí padel, eré tó jọ ọ́ àmọ́ tí ògiri gíláàsì wà lẹ́yìn pápá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú 4 lórí Playtomic, áàpù tó ń fi 0 sí 7 díwọ̀n bá a ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Adéọlá, Bódìjà, Ìbàdàn

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ń pọ́n ẹ lé ni. Gíláàsì ẹ̀yìn ni kó o bi. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ tó ń lọ lu gíláàsì, ṣé o lè ní sùúrù kó ta padà kó o tó gbá a? Àbí ńṣe lo máa ń dá a lọ́nà? Ẹlẹ́sẹ̀ tẹníìsì kì í lè dúró! Lójú tèmi, 2 tó ẹ. Ìgbà tó o bá lè gbé bọ́ọ̀lù gba orí àwọn tó wà nídìí nẹ́ẹ̀tì, tí ìwọ àti ẹnìkejì ẹ ráyè gba iwájú, ká wá sọ̀rọ̀ 3. Bó o bá ń borí, áàpù fúnra rẹ̀ á gbé ẹ sókè.