Kí ló dé tí ìgbẹ́ gbuuru fi dá ọmọ mi dùbúlẹ̀ ju ọmọ ẹlòmíì lọ?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi, ọmọ oṣù 11, ti lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù nítorí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Omi ni wọ́n ń fà sí i lára, wọn ò fún un ní oògùn apakòkòrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ sì kú àìsùn. Rárá, ẹ ò ṣe ohun tí kò dáa kankan. Díẹ̀ tíntín nínú kòkòrò tó ń fa irú ìgbẹ́ gbuuru yìí ti tó kó ran ọmọ, láti ara ọwọ́, ohun ìṣeré tàbí ilẹ̀ tó ń rá lé lórí. Ilé tó mọ́ tónítóní náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́.

Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní rotavirus, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ruth Bishop àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Melbourne, ní Australia, ní 1973, ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ dé ọsibítù, pàápàá níbi tí àjẹsára rẹ̀ kò bá kárí. Norovirus náà wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì làwọn méjèèjì, oògùn apakòkòrò kì í sì ṣiṣẹ́ fún fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ la máa ń fura sí bakitéríà bíi Shigella, ìyẹn sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ kòkòrò ló ń sọ bí àìsàn ṣe le tó. Omi tó ti lọ lára ọmọ ni. Rotavirus máa ń ba ojú ìfun tó ń fa omi sínú ara jẹ́, omi á wá máa gba ìdí jáde, èébì ò sì ní jẹ́ kí èyí tó mu dúró. Ọmọ tó wọn kílò 10, tó sọ lítà kan nù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ló lọ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tóbi jù ú lọ, ó lè béèrè omi, ó sì ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Ìgbà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ọmọ yín léraléra, tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti jìn wọnú, tí wọ́n sì ń fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀. Bí awọ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ kó tó padà, tí ọmọ ń tòògbé tí kò lè mu nǹkan, ó ti le gan-an. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára yẹn gan-an ni ìtọ́jú, kì í ṣe pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò.

Bó bá ti lè mu, ẹ máa fi ṣíbí bu omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá bì í, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má já a lọ́mú. Dókítà lè fi zinc kún un, 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró fún un. Kòkòrò náà á ṣì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, nítorí náà ọṣẹ àti omi ni kí ẹ máa fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ ìtẹ̀dí. Bí ojú rẹ̀ bá tún jìn wọnú tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, ẹ gbé e padà wá, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.